Iyèré Tó Wà Nínú Ìkòkò Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti pẹ́ ní ikùn wa. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ nítorí àìsàn àti oògùn ni, ṣùgbọ́n a kò mọ ọ̀nà míràn tí a lè gbà wọ inú rẹ̀ ju ọ̀nà tí òun náà gbà wọlé tọ̀ wá wá. Ọ̀nà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa, àti bàbá rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2006, a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ní Sángò, níbi tí ọkùnrin kan máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀ sí. Ẹ mọ bí àwa onílé-kéwú ṣe máa ń ṣe: a kò rà á, a kàn ń na ọrùn kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ojú wa wá bá àkọlé kan. Wọ́n ti gbé oògùn fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jáde ní Àbújá, ilé ìwádìí ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní NIPRD ló sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ọjọ́ náà ni a san owó ìwé ìròyìn. A gé ojú ewé náà, a ká a sí àpò, a sì gba ilé ọkùnrin kan lọ ní Ìyànà Ìyèsí. Àrùn yìí ló pa ọmọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú.

Tí ẹ bá bi wá pé kí ni a ń mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ní ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú, a kò ní èsì kan gúnmọ́. A rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ọkùnrin náà wọ awò rẹ̀, ó ka á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún padà sókè. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tẹ ibì kan.

"Àáfà, ẹ wo ibí yìí. Kóró iyèré, kànáfùrù, igi osùn, ewé ọkà bàbà. Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é náà nìyí?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yọ awò rẹ̀. Ó ní, "Iyèré tí ìyá rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀? Iyèré wà nínú ìkòkò wa ní gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn fi ń ké nínú yàrá."

A kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. A mu omi tí wọ́n gbé fún wa, a sì dìde lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ọdún 1993 ni a dá ilé-kéwú wa sílẹ̀ ní Ọ̀tà, lábẹ́ àtíbàbà páànù. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ti kún Ọ̀tà àti Sángò: ti ike, ti irin, ti ọṣẹ, ti oògùn. Àwọn ènìyàn ń ti Ìlọrin, Ìṣẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti Kútọ̀nù pàápàá ń wá. Ọmọ wọn ni à ń kọ́ ní kéwú ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọdún 1995 ni ọkùnrin tí à ń sọ yìí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ike kan, mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ bí pupa ẹyin. Orí rẹ̀ pé púpọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń ná an. Àmọ́ bó bá wá lónìí, ó lè má wá fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ọmọ náà wá, ó jókòó sẹ́bàá ògiri, kò kọ ohunkóhun sára wàláà rẹ̀. A pè é, kò dìde. A pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. A wo ẹsẹ̀ náà, a kò rí ọgbẹ́, a kò rí wíwú. A ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. A fi pàṣán nà án. A kò ní purọ́ fún yín: kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Ọmọ náà kò sunkún. Ó yẹ kí ìyẹn ti fura sí wa, pé à ń na ọmọdé kò sì sunkún, nítorí pé ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú egungun ju pàṣán wa lọ.

Òru ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ wá bá wa. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dùn wá jù. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àáfà, èmi ni mo jẹ̀bi, ó yẹ kí n ti sọ fún yín. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tọrọ lọ́wọ́ ọmọ náà nígbà tó padà dé. Láti ọjọ́ yẹn, pàṣán kò wọ ilé-kéwú wa mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ṣì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀ títí di òní.

Ọmọ náà ka Alùkùránì já ní ọdún 2001, a sì ṣe wòlímọ̀ rẹ̀. Ní àsìkò òjò ọdún 2003, ó kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Láàrin ọdún mẹ́jọ tí a fi mọ̀ ọ́n, gbogbo owó tí bàbá rẹ̀ ń fi àìsùn rí ni ó ń ná sórí rẹ̀. Ó ná an sí ọsibítù, ó ná an sọ́dọ̀ àwọn alágbo. A bá a débẹ̀ nígbà kan, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ tí a kò kà sí. Ó bu àgbo náà tọ́ wò, ó ní kò dàbí ti oṣù tó kọjá. Ẹni tó tà á rẹ́rìn-ín, ó ní egbòogi kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí gbogbo ìgò rẹ̀ máa ń rí bákan náà. A jọ rẹ́rìn-ín ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí a mú ìwé ìròyìn náà lọ, a kò lè sùn dáadáa. Bàbá kan ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé oògùn ọmọ òun wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ òun, pé àìmọ̀kan òun àti ti ìyàwó òun ló pa ọmọ. Àwa la sì mú ìwé tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Ọlọ́hun fún wa ní ìwé kíkà lọ́nà méjèèjì, ti Lárúbáwá àti ti gẹ̀ẹ́sì. A wò ó pé ìlò wo ni ó kù fún un bí a kò bá lè fi dá ọkùnrin yìí lóhùn? Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. A bi ìyá ọmọ kéwú kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. A bi apòògùn kan tí a jọ ń kírun. A ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ wa bá tẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ìdí àrùn náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn hóró pupa tín-tìn-tín kan wà tí ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú kiri ara. Wọ́n rí roboto, wọ́n sì rọ̀, wọ́n lè gba inú iṣan tó tóóró kọjá. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS máa ń ká kò bíi dòjé tí wọ́n fi ń ge koríko, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dínkù nínú wọn. Wọn a le, wọn a há sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ibi tó há sí a sì máa ro ẹni náà bíi pé wọ́n ń fi òòlù lu egungun rẹ̀. Òtútù máa ń fà á, òùngbẹ àti ibà náà sì máa ń fà á. Dókítà kan ní Ṣìkágò, James Herrick, ló kọ́kọ́ kọ nípa hóró onídòjé yìí ní ọdún 1910. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú hóró náà ló yàtọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa tó sọ ọ́ ní fòníkú-fọ̀ladìde kò rí hóró kankan, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọmọ tó kú tán lónìí tó tún ń ṣeré lọ́la.

Ní Nàìjíríà, bí ẹnìkan nínú ẹni mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ara wọn le, wọn kò mọ nǹkan kan. Bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ fúnra wọn. Bàbá àti ìyá ọmọ tí à ń sọ yìí, AS ni àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó bi wọ́n nígbà tí wọ́n ń so yìgì wọn. Àwa náà so yìgì púpọ̀ láàrin ọdún 1990 sí 2000, a kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilé ìwádìí. NIPRD ni ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 fún ìwádìí oògùn, ó wà ní Idu ní Àbújá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo egbòogi ilẹ̀ wa, kí ó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tí kì í ṣe òótọ́, kí ó sì sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ di ohun tí ènìyàn lè lò láìsí ewu. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe jẹ́ olórí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn fòníkú-fọ̀ladìde kan dé ọwọ́ wọn. Ọmọ Yorùbá ló ni ín, Reverend P. O. Ògúnyalé. Ìránṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n oore ló ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onísègùn ni ì bá gbé ohun tó mọ̀ wọ sàréè. Òun gbà láti fi í hàn, ilé ìwádìí náà sì bá a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má baà sọnù.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè ọkùnrin Ìyànà Ìyèsí wà. Wọn kò gba oògùn náà kí wọ́n kàn rọ ọ́ sínú ìgò. Wọ́n kọ́kọ́ dá ewé, kóró àti igi kọ̀ọ̀kan mọ̀, láti rí i pé ohun tí wọ́n pè é náà ni. Wọ́n fa oje inú wọn jáde, wọ́n wọn èyí tí yóò wà nínú rẹ̀ àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ onídòjé sínú ìgò àyẹ̀wò, wọ́n yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n wò ó bóyá oje náà kò ní jẹ́ kí hóró náà ká kò. Wọ́n fún ẹranko jẹ láti mọ ibi tí yóò ti di májèlé. Ìgbà tí wọ́n ṣe ìyẹn tán ni ó tó kan ènìyàn.

Ní ti ènìyàn, àwọn aláìsàn 82 ni wọ́n kó jọ nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn náà, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe oògùn rárá. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tó ń kọ ìrora rẹ̀ sílẹ̀ kò mọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ wọn. Ẹ ó bi wá pé kí ni gbogbo àdììtú yìí wà fún? Nítorí pé ènìyàn máa ń fẹ́ gba ohun tó wù ú gbọ́ ni. Bí a bá sọ fún ọ pé oògùn tó dára ni èyí, ara rẹ á fúyẹ́ díẹ̀, dókítà rẹ á sì rí i pé ó fúyẹ́. Wọ́n fẹ́ yọ ìyẹn kúrò, kí ó lè ku òtítọ́ nìkan. Èyí tó ṣẹ́kù ni pé láàrin oṣù mẹ́fà, ìrora líle tí ń dá ènìyàn wó dínkù fún àwọn tó lo oògùn náà. Kò sọ SS di AA. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò ní gbẹ lára wọn mọ́. Àwọn onímọ̀ tó tún èsì náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà náà ní ó dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n tún dán an wò lára ènìyàn púpọ̀ sí i.

Àwa onílé-kéwú kò yẹ kí èyí jẹ́ àjèjì sí wa. Ìmáàmù Bukhari kò gba hadíìsì nítorí pé ó dùn létí tàbí nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ ẹni rere. Ó rin ìrìn-àjò jìnnà, ó bi pé ta ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ni, ṣé wọ́n pàdé ara wọn rí, ṣé ẹni tí kì í gbàgbé ni. Ohun tí kò bá kọjá nínú àyẹ̀wò náà, kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, bó ti wù kó jọ òtítọ́ tó. Ọjọ́ tí èyí sọ sí wa lọ́kàn ni a tó mọ ohun tí àwọn ará Idu ń ṣe.

A padà sí Ìyànà Ìyèsí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. A sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin náà bí a ti sọ ọ́ fún yín yìí, a kò yára. A rán an létí àgbo tó tọ́ wò tí kò dàbí ti oṣù tó kọjá. A ní, ẹ̀gbọ́n, ohun tí ó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe iyèré. Ìwọ̀n iyèré ni, pẹ̀lú ìwọ̀n mẹ́ta míràn, tí ó rí bákan náà lánàá, lónìí àti lọ́la, tí ẹnìkan sì ti mọ ibi tó ti ń di oró. Kò sí obìnrin tó lè fi ṣíbí ọbẹ̀ wọn ìyẹn. Nígbà tí ọmọ yín wà láyé, oògùn náà kò tíì dé ọjà.

Ó ní, "Nítorí náà, ọbẹ̀ kì í ṣe oògùn."

A ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe oògùn."

"Kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe."

"Rárá o."

Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó pe ìyàwó rẹ̀ wọlé. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì jókòó. Ọkọ rẹ̀ ní, "Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó gbọ́." A sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oògùn náà lẹ́yìn náà kì í ṣe ohun tó dùn ún gbọ́. Ilé ìwádìí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá, kò lè ṣe ìgò oògùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ní ọdún 2002 wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, ní àṣẹ láti máa ṣe é. Ní ọdún 2003, ìjọba Amẹ́ríkà fi oògùn náà sínú ìwé àwọn oògùn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ nítorí àrùn tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ní ọdún 2006, ó jáde lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ọjọ́ tí a ra ìwé ìròyìn nìyẹn. Ní ọdún 2008, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, ó forí lé ilé-ẹjọ́ àwọn tó wọko gbèsè. Ìjọba tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sanwó fún ìwádìí kò ní ibi kankan tí yóò ti tẹ̀síwájú fúnra rẹ̀. Lójú tiwa, bí ẹni tó gbin àgbàdo tí kò kọ́ àká ni.

Ẹni tó bá ń wádìí Idu kò ní ṣàì kan Yábàá, ní Èkó, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ilé ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní NIMR wà níbẹ̀. Ibà, ikọ́ ife, éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wá ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti àárín ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller rán wá ń wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní ọdún 1927. Ọdún kan náà ni wọ́n rí kòkòrò ibà yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ Gáná. Láti ara rẹ̀ ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1937. Gbogbo alálàájì wa tó mú káàdì yẹ́lò dání lọ sí Mẹ́kà, abẹ́rẹ́ yẹn ni káàdì náà ń sọ. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kan Yábàá?

Ní Yábàá kan náà, ìjọba ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣànpọ̀nná, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ti dìgbòlugi. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 1991, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ohun kan máa ń pa wá lẹ́rìn-ín kíkorò. Àwọn tó ń sin adìyẹ ní agbègbè Ọ̀tà yìí mọ Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ilé ìwádìí ìjọba fún ẹran ọ̀sìn ti wà láti ọdún 1924. Abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ ń ti ibẹ̀ wá. Adìyẹ Nàìjíríà ń gba èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ń gba èyí tó wọ ọkọ̀ òfúrufú wá.

Nígbà tó yá, NIPRD fún May & Baker ní àṣẹ láti ṣe oògùn inú ìwé ìròyìn wa yẹn, ní orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Niprisan. Ilé-iṣẹ́ wọn wà ní kìlómítà 38 lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ní Sángò-Ọ̀tà níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló bá ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé ní ọdún 2017 lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìjọba ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ní 51, Ọ̀tà náà ni wọ́n sì ní àwọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí a sọ ti Niprisan fún ọkùnrin Ìyànà Ìyèsí, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ti gba iwájú géètì yẹn kọjá àìmọye ìgbà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òun ló kọ́kọ́ ní kí a máa béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó so yìgì. Tó bá ti gbọ́ pé a ní yìgì, á wọ aṣọ rẹ̀, á wá jókòó ti wa. Àwọn ẹbí kan kì í fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti bi wá rí pé, "Àáfà, ìgbà wo lẹ di dókítà?" Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn méjì mú ìwé wá, AS àti AS. Wọ́n ti tẹ káàdì, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí. A fi ọ̀rọ̀ náà yé wọn pẹ̀lú sùúrù, a ní kí wọ́n lọ rò ó. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àáfà míràn ti so ó fún wọn.

A kò bá wọn jà. Nígbà tí wọ́n bímọ, wọ́n tún rántí wa, wọ́n ní kí a wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ọkùnrin Ìyànà Ìyèsí bá wa lọ. Ọmọ náà sanra, ó ń sùn. Lẹ́yìn àdúà, ó fa bàbá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní rárá, ó ń bà àwọn lẹ́rù. Bàbá àgbà yìí wá ń ṣàlàyé fún un: pé bí a bá tètè mọ̀, wọ́n lè máa fún ọmọ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àrùn ráyè wọlé sí i lára, kí wọ́n máa dènà ibà fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kí òtútù mú un, pé oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea tí àwọn dókítà ń kọ fún àwọn tó bá yẹ, tí kò sí fún ọmọ tòun. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí a ti sọ ọ́ fún òun náà ní alẹ́ ọjọ́ kìíní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bá àwọn òbí ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Òun ló gbé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá gba èsì ní Ọjọ́bọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, kí a tó kírun àsùbáà tán, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀, ó ń retí wọn.